Ewé Tí Haliʻa Fi Kún Ìkòkò

Ọ̀rọ̀ méjì ni ìyàwó mi sọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó pe orúkọ mi, "Pilipo." Ó sinmi. Ó ní, "Lūʻau."

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Luʻukia dúbúlẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú. Ẹnu rẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Láti ìgbà náà, bí ó bá sọ ọ̀rọ̀ kan lóòjọ́, a ó dúpẹ́. Méjì pọ̀.

Mo mọ ohun tí ó ń béèrè. Ọbẹ̀ ewé kókò ni, èyí tí a ń fi ẹran màlúù sè títí ewé yóò fi yọ́ mọ́ ẹran. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sè é. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Èmi, ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mo ti fi gbin kókò ní Keʻanae, abúlé wa létí òkun níbí, nínú ẹrẹ̀ tó dé orúnkún, n kò sì gbé ìkòkò lūʻau kaná rí. Mo ń kó ewé wọlé. Mo ń jókòó. Oúnjẹ ń dé.

Haliʻa, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé lókè ọ̀nà, ní kí a jẹ́ kí òun sè é. Luʻukia mi orí. Ó fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí mi.

"Wọ́n ti yan alásè," ni Haliʻa wí. "Kí Ọlọ́run ṣàánú ilé yìí."

Ewé kókò tí kò jinná dáadáa a máa yún ènìyàn lọ́fun. Kò sí ọmọ Keʻanae tí kò mọ̀ ọ́n. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn gbé abẹ́rẹ́ kéékèèké mì. Ẹni tí ara rẹ̀ dá yóò wúkọ́, yóò bú ẹni tó sè é, ó parí. Luʻukia kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Delfina, nọ́ọ̀sì tí ilé ìwòsàn ń rán sí wa, ti sọ fún mi pé ọ̀fun rẹ̀ kò lágbára. Bí oúnjẹ bá ṣìnà, inú ẹ̀dọ̀fóró ni yóò lọ, kò sì ní lè wú u jáde. Ó ní kí Luʻukia wúkọ́ kí n lè gbọ́. Èémí ló jáde. Kì í ṣe ikọ́.

"Ẹ ti gbọ́ ọ, Bàbá," ni Delfina wí. "Oúnjẹ tó kúnná, tó ki. Ṣíbí kékeré. Kó jókòó gangan. Ọ̀sán ni kí ẹ máa fún un, kó tó rẹ̀ ẹ́. Ohunkóhun tó bá lè yún un lọ́fun, ẹ má fi sí i lẹ́nu."

Ṣùgbọ́n kò jẹun. Gbogbo ohun tí a bá fún un ló ń fi ahọ́n tì jáde. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, Delfina gbé e sórí ìwọ̀n. Ó wo ìwọ̀n náà pẹ́. Ó ní bí ó bá tún fọn sí i kí ọjọ́ Ẹtì mìíràn tó dé, dókítà yóò ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Wailuku, wọn yóò lu ihò sí ikùn rẹ̀, wọn yóò ki rọ́bà tí oúnjẹ yóò máa gbà bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti ní rọ́bà, ibẹ̀ ni yóò máa gbé, nílé àwọn arúgbó. Kò sí ẹni tí yóò máa wa mọ́tò gba ọ̀nà oníkọ̀rọ̀ yìí lójoojúmọ́ láti wá tọ́jú rọ́bà. Luʻukia gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó di apá àga mú.

Nítorí náà, bí kò bá jẹ, wọn yóò mú un lọ. Bí ó bá jẹ, tí ó sì yún un, ó lè kú sí mi lọ́wọ́. Ohun tí mo gbé kaná nìyẹn.

Ní Ọjọ́rú, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí oko kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Òjò ń rọ̀. Mo ká ewé tí kò tíì nà tán, ogójì. Mo fọ̀ wọ́n. Mo gé igi wọn, mo fa iṣan ẹ̀yìn wọn yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ibẹ̀ ni oró pọ̀ sí. Ojú ọ̀tún mi ti ń ṣú. Ìka ni mo fi ń wá iṣan. Nígbà tí mo ṣe tán, ọwọ́ méjèèjì ń yún mi. Mo wò wọ́n. Mo ronú kan ọ̀fun rẹ̀.

Ní aago méje, mo se ewé náà lọ́tọ̀ nínú omi iyọ̀ fún wákàtí kan. Mo da omi náà nù. Mo gé ẹran igẹ̀ màlúù, mo yí i nínú òróró títí ó fi pọ́n. Mo fi àlùbọ́sà sí i, mo fi atalẹ̀ sí i. Mo bu omi lé e. Mo kó ewé lé e lórí. Mo dín iná kù. Mo fa àga, mo jókòó ti ìkòkò náà bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n.

Haliʻa dé ní aago mẹ́sàn-án. Ó gbé abọ́ poi kan lọ́wọ́, kókò sísè tí a gún tí a fi omi pò, ó sì fi àpò ewé láti oko tirẹ̀ há abíyá. Ó sọ àpò náà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń fọ abọ́. Ó gbé poi sí àárín tábìlì, ó ṣí i.

A kì í jà níwájú poi tí a ti ṣí. Àwọn baba wa ní kókò ni ẹ̀gbọ́n gbogbo wa. Bí a bá ṣí abọ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ti jókòó. Ẹni tó bá ní ìjà, kó gbé e lọ síta. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí Haliʻa fi tètè ṣí i.

Ó yọjú wo ìkòkò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń rò ó bí ẹni tó ń po sìmẹ́ńtì."

"Mi ò fẹ́ kó jó."

"Kò ní jó. Ẹ̀rù yín ló ń bà á."

Mo tún rò ó.

"Ṣé ẹ tiẹ̀ sùn?"

"Díẹ̀."

"Irọ́."

Ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, ewé ti yọ́. N kò rí ewé mọ́. Ohun dúdú tó ń dán ni mo rí, ẹran sì ń já bọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò ṣeé fi tọ́ ọ wò. Ẹni tó ti ń jẹ ewé kókò láti ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ọ̀fun rẹ̀ ti di awọ. Kò ní mọ̀. Haliʻa ni tirẹ̀ yàtọ̀. Láti kékeré, bí ewé kan ṣoṣo bá wà nínú ìkòkò tí kò jinná, òun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nílé wọn.

Mo na ṣíbí sí i.

"Èmi wá di ajá tí wọ́n fi ń dán májèlé wò?"

"Ìwọ ni ọ̀fun rẹ ń ṣe bí ti àwọn àlejò tó ń dúró ya fọ́tò lójú ọ̀nà."

"Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni." Ó gbé e mì.

Mo wo aago ara ògiri. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó yẹ kí a dúró. Ní ìṣẹ́jú kẹwàá, Haliʻa di ọrùn mú. Ojú rẹ̀ yọ síta. Àga mi ṣubú lẹ́yìn mi.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ojú yín!"

"Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Poi wà ní ṣíṣí o. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀."

"Mo ní má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ó wo ọwọ́ mi. Ó gbé àga mi dìde.

"Kò yún mi, ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, jẹ́jẹ́. "Ó dára. Ó jọ ti ìyá wa."

Mo fi iná sílẹ̀ kí ẹran tún rọ̀ sí i. Mo wọ yàrá lọ bá Luʻukia. Mo wẹ̀ ẹ́. Mo pa aṣọ rẹ̀ dà. Mo ya irun rẹ̀, mo dì í sẹ́yìn bí ó ṣe máa ń dì í, kò sì dọ́gba. Èyí kì í yá. Mo gbọ́ tí Haliʻa ń rìn nínú ilé ìdáná, mo gbọ́ ìdérí ìkòkò, mo gbọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Òjò ti dá. Ó lọ kó aṣọ sá.

Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí aago méjìlá lù, mo ti Luʻukia dé ìdí tábìlì nínú àga onítáyà rẹ̀. Mo fi ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn kó jókòó gangan. Mo bu ọbẹ̀ díẹ̀ sínú abọ́, mo fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ gba inú asẹ́, mo po poi díẹ̀ mọ́ ọn kó lè ki. Mo fẹ́ ẹ títí ó fi tutù. Mo fi kan ètè ara mi.

Mo gbé ṣíbí sí i lẹ́nu. Kò fi ahọ́n tì í. Ó pa ẹnu dé. Ó pa ojú dé. Mo rí i tí ọ̀fun rẹ̀ lọ sókè, tí ó sọ̀kalẹ̀.

Ó tún la ẹnu.

Mo gbé ìkejì.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Haliʻa wọlé pẹ̀lú ìyókù aṣọ lọ́wọ́, èyí tí okùn kò gbà. Ó dúró.

"Ẹ ti ń fún un ni?"

"Ọ̀sán ti tó."

"Alẹ́ ńkọ́? Ìgbà wo la jẹ lūʻau lọ́sàn-án rí nílé yìí?"

"Delfina ló ní ọ̀sán."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n. Mo ṣí ìkòkò, mo rí i pé ó ti fà sílẹ̀. Mo ní kò ní kárí. Mo fi ewé tèmi kún un."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí ẹ ń wẹ̀ ẹ́. Mo rò pé alẹ́ ni. Mo rò pé yóò ti jinná kó tó di alẹ́."

Mo wo aago. Kò tíì tó ogójì ìṣẹ́jú.

"Mélòó nínú ẹ̀?"

"Gbogbo àpò."

Mo ju ṣíbí sílẹ̀. Mo fi ìka ṣí ẹnu Luʻukia. Ahọ́n rẹ̀ ṣe dúdú bí ewé. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ó ti gbé méjèèjì mì.

Ìyàwó mi ń wò mí. Kò mọ ohun tó dé.

Mo na ọwọ́ sí àárín tábìlì, mo fi ìdérí bo poi. Mo sọ gbólóhùn kan fún Haliʻa tí n kò ní kọ síhìn-ín. Mo ṣí poi padà.

"Ó tọ́ sí mi," ni ó wí. Ó ti ń sunkún.

A dúró.

Kò sí ohun tí a lè ṣe. Omi yóò mú un burú sí i. Ilẹ̀ ti ya sí ojú ọ̀nà láti ọjọ́ Àìkú, apá kan ṣoṣo ni ó ṣí. Mọ́tò ilé ìwòsàn, bí wọ́n bá yára, wákàtí kan ààbọ̀. Kùrukùru ti bo òkè, hẹlikọ́pítà kò lè balẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀, mo tún un rò. Ìgbì òkun ń fọ́ lára àpáta lẹ́yìn ilé. Mo ń ka ìgbì.

Ní ìgbì kẹtàlá, Luʻukia gbé ọwọ́ òsì sí ọrùn.

"Yéè," ni Haliʻa wí.

Ìka rẹ̀ ń họ ọrùn. Ojú rẹ̀ pọ́n. Iṣan yọ ní iwájú orí rẹ̀. Ó la ẹnu, kò sí ohun tó jáde. Èémí kò wọlé, kò jáde. Mo di èjìká rẹ̀ méjèèjì mú. Mo pe orúkọ rẹ̀. N kò mọ iye ìgbà tí mo pè é. Mo rí ojú rẹ̀ tí omi kún, mo sì rò pé ojú tí yóò fi wò mí kẹ́yìn nìyí, àti pé ọwọ́ ara mi ni mo fi fún un jẹ.

Ó wúkọ́.

Ó dún bí igi tó ṣẹ́. Abọ́ mì lórí tábìlì. Ó tún wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Gbogbo ara rẹ̀ ń fò sókè nínú àga.

Mo já fóònù kúrò lára ògiri, mo pe Delfina. Ìka mi ṣi nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ó ń mí?" ni ó béèrè.

"Ó ń wúkọ́."

"Ètè rẹ̀ ńkọ́? Ó ti dúdú?"

"Ó pọ́n."

"Ẹ gbé fóònù sún mọ́ ọn."

Wáyà rẹ̀ kò gùn tó. Haliʻa ti àga wá pàdé mi. Mo gbé fóònù sí iwájú ẹnu Luʻukia. Ó wúkọ́ sínú rẹ̀. Mo dá a padà sí etí mi.

"Nọ́ọ̀sì?"

"Bàbá, ikọ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀ pé ikọ́ ni."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ gbọ́ mi. Ikọ́ gidi nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo ti ń wá a lára obìnrin yìí." "Ẹ má lù ú lẹ́yìn. Ẹ má fún un lómi. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó wú u. Mo ti ń wọ bàtà. Mo ń bọ̀."

Mo tẹ̀ ẹ́ síwájú. Ó wú u. Ohun kan tó dúdú bí ewé jáde sórí aṣọ tí mo tẹ́ sí i láyà. Ó tún wú òmíràn. Díẹ̀díẹ̀ ó rọlẹ̀. Ó fa èémí gígùn. Mo gbọ́ tí ó wọlé dé ìsàlẹ̀. Itọ́ àti omijé bo ojú rẹ̀. Mo nù ún.

Ó wo èmi. Ó wo Haliʻa.

"Òmùgọ̀," ni ó wí.

Ó ṣe kedere. Kò sí ọ̀rọ̀ tó ti jáde kedere bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí àrùn náà ti dé.

Haliʻa nu imú. "Ta ló ń bá wí?"

"Ìwọ."

"Ojú yín ló ń wò."

"Ojú mi ló ń wò, ìwọ ló ń bá wí."

Luʻukia fi ọwọ́ òsì ti abọ́ poi súnmọ́ àárín àwa méjèèjì.

Delfina dé lẹ́yìn aago méjì, ẹrẹ̀ dé orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Mọ́tò tò pọ̀ níbi tí ilẹ̀ ti ya, ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn wọn, ó fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Kò kí wa. Ó gbé irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbọ́ èémí sí Luʻukia lẹ́yìn, òsì, ọ̀tún, òkè, ìsàlẹ̀. Ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo dúró lẹ́bàá fèrèsé. N kò lè wò ó. Mo ń wo oko kókò àti omi tó dúró nínú rẹ̀.

"Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mọ́," ni Delfina wí. "N ó tún wá gbọ́ ọ lọ́la. Ibà lẹ ó máa ṣọ́ lálẹ́ òní. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ó mọ́."

N kò yí padà lójú ẹsẹ̀.

"Rọ́bà náà ńkọ́?" ni Haliʻa béèrè.

"Èmi kọ́ ni dókítà. Bí ó bá ń jẹ, tí ó sì ń wúkọ́ báyìí, n ó sọ fún un pé kó jẹ́ kí ó di oṣù tó ń bọ̀ ná."

"Oṣù tó ń bọ̀," ni mo wí.

"Ohun tí mo lè ṣe nìyẹn, Bàbá." Ó wo ìkòkò. "Ìgbà wo ni èyí máa jinná?"

Mo ní kí a dà á nù. Luʻukia fi ọwọ́ lu tábìlì. Ó lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Mo wo Delfina, mo rò pé yóò kọ̀. Kò kọ̀.

"Kò tíì jẹ ohun kan láti ọjọ́ mẹ́rin," ni ó wí. "Ẹ sè é dáadáa. N kò ní lọ títí yóò fi jẹ ẹ́. Bí ó bá ṣe bí ẹni pé ó rẹ̀ ẹ́, a ó dáwọ́ dúró."

Mo tún bu omi sí i. Mo sè é fún wákàtí mẹ́ta. N kò kúrò nídìí rẹ̀. Nígbà tí Haliʻa fẹ́ gba iwájú mi kọjá lọ mu omi, mo fi ọwọ́ lé ìdérí.

"Omi ni mo fẹ́ mu o."

"Gba ẹ̀yìn."

Ó gba ẹ̀yìn.

Ó tọ́ ọ wò ní aago márùn-ún ààbọ̀. Kò ṣeré. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé itan, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Delfina náà tọ́ ọ wò. A tún fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé e. Kò yún ẹnì kankan. Mo tẹ̀ ẹ́ gba inú asẹ́. Mo po poi mọ́ ọn.

Mo bu ṣíbí kékeré. Mo gbé e sókè.

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọbẹ̀ dà sórí tábìlì. Mo tún un bù. Ó tún dà. Mo di ọrùn ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ọwọ́ kejì, kò dẹ̀. Ṣíbí dúró láàárín èmi àti òun, n kò lè gbé e dé ẹnu rẹ̀.

Luʻukia na ọwọ́ òsì. Ó gba ṣíbí náà lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe ọwọ́ tó fi ń jẹun tẹ́lẹ̀, ó sì wọ́. Ó kan àgbọ̀n rẹ̀ ná. Ó rí ẹnu. Ó pa á dé. Ó gbé e mì. Ó tún bù.

Mo jókòó tì í, ọwọ́ mi lábẹ́ tábìlì, mo ń fetí sí gbogbo ohun tó ń gbé mì.